Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ọmọláńgidi Orí Ẹ̀rọ Kì í Ṣe Ògbufọ̀

Tí wọ́n bá gbé adití dé ọsibítù, tí dókítà sì fẹ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló yẹ kó dúró láàárín àwọn méjèèjì, kì í ṣe àwòrán tó ń ju ọwọ́ lójú fóònù. Mo kúkú fẹ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ti di ọjà, àwọn ọlọ́jà sì ti ń polówó. Wọ́n ní àwọn ti ṣe ọmọláńgidi orí ẹ̀rọ kan, èyí tí wọ́n ń pè ní avatar, tó ń fi ọwọ́ sọ èdè adití. Wọ́n ní kì í sùn, kì í ṣàìsàn, kì í béèrè owó oṣù, kì í ní kí ẹ san owó ọkọ̀ òun. Wọ́n ní ìṣòro àwọn adití ti tán nìyẹn.

Irọ́ ni. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ o. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo kà ní yunifásítì, sọ́fítíwíà ni mò ń kọ jẹun láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Etí mi méjèèjì ń gbọ́ràn, nítorí náà mi ò wá gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu adití kankan. Àwọn adití ti ń sọ tiwọn tipẹ́, àwa la ò wò wọ́n. Àwọn tí mo wá bá wí ni àwa tí a ń kọ kóòdù, àti àwọn tó ń fowó ra ohun tí a kọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ wa rò pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi ọwọ́ kọ sínú afẹ́fẹ́ ni èdè adití. Àwọn mìíràn rò pé èdè kan ṣoṣo ni gbogbo adití ayé ń sọ. Méjèèjì ò rí bẹ́ẹ̀. World Federation of the Deaf, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn adití lágbàáyé, sọ pé èdè adití tó wà láyé lé ní 300, pé àwọn adití fúnra wọn sì tó mílíọ̀nù 70. Ní ọdún 1960 ni William Stokoe, tó ń kọ́ni ní Gallaudet ní ìlú Washington, tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé èdè tó ní gírámà tirẹ̀ ni èdè adití Amẹ́ríkà. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kà á sí ìjuwọ́ lásán.

Gírámà náà kò sì sí lọ́wọ́ nìkan. Bí ìka ṣe rí, ibi tí ọwọ́ wà lára, bó ṣe ń rìn, ibi tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí, gbogbo rẹ̀ ló ń yí ìtumọ̀ padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú, ètè, ọrùn àti èjìká wá dá sí i. Tí ẹni tó ń sọ èdè adití Amẹ́ríkà bá gbé irun òkè ojú rẹ̀ sókè, ohun tó sọ ti di ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó bá hun ún jọ, ó ń béèrè ta ni, kí ni, tàbí níbo. Tó bá ń mi orí sọ́tùn-ún sósì bí ọwọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn náà ti yí sódì, kódà bí ọwọ́ ò bá ṣe àmì "kò" rárá.

Ẹ̀yin tí inú máa ń bí nígbà tí wọ́n bá kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín. Ẹ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sílẹ̀ láìlámì, kí ẹ wá ní kí àlejò sọ èwo ni wọ́n fi ń roko fún yín. Ojú adití ni àmì ohùn rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́dọ̀ tiwa, òwe ni. Lọ́dọ̀ adití, òfin gírámà ni.

Ojú yìí gan-an sì ni ọmọláńgidi ò mọ̀ ọ́n lò. Ọwọ́ rẹ̀ lè dára, kí ìka rẹ̀ máa yọ̀ wìnnìwìnnì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á le bí ojú ère. Ẹ wo gbólóhùn kékeré yìí: "Má mu oògùn yìí pẹ̀lú ọtí." Tí ọwọ́ bá ṣe àmì oògùn, ó ṣe ti ọtí, ó ṣe ti mímu, tí orí tó yẹ kó mì kò wá mì, kí ni ẹ sọ fún aláìsàn yẹn? Ẹ sọ fún un pé kó pò ó mu.

Báwo la ṣe ń ṣe irú ọmọláńgidi bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà kan ni pé ká wọ aṣọ tó ní ẹ̀rọ lára fún adití, kó sọ̀rọ̀, ká gba ìrìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ká sì wọ̀ ọ́ fún àwòrán. Ọ̀nà kejì ni pé ká kọ àmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ìgbà tí akọrin ń kọ nóòtì orin. Wọ́n ti ṣe irú ìkọsílẹ̀ kan bẹ́ẹ̀, HamNoSys, ní yunifásítì Hamburg ní Jámánì láti àwọn ọdún 1980. Ọ̀nà kẹta, tó gbòde báyìí, ni AI: kí ẹ̀rọ wo fídíò lọ súà, kó sì kọ́ ara rẹ̀.

Ibi tí fídíò ọ̀hún ti ń wá ni kí ẹ béèrè. Ọ̀kan nínú àkójọ tí àwọn olùwádìí ti lò jù láti bí ọdún mélòó kan ni èyí tí wọ́n kó látinú ìròyìn ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n Jámánì. Ojú ọjọ́! Ẹ̀rọ tó gbọ́ nípa òjò, ìjì àti òtútù, ẹ fẹ́ gbé e síwájú aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹ tún wo ìyàtọ̀ yìí. Nígbà tí OpenAI ṣe Whisper, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ìwé, ní ọdún 2022, wákàtí ohùn 680,000 ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí Google kó fídíò èdè adití Amẹ́ríkà jọ látorí YouTube ní 2023, bíi wákàtí 1,000 ni wọ́n rí, ohun ńlá ni wọ́n sì kà á sí. Amẹ́ríkà nìyẹn o. Nílùú tiwa, àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí kan gbé àkójọ èdè adití Nàìjíríà jáde ní 2021: ọ̀rọ̀ 137, àwòrán bíi 5,000. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe, mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ọ̀rọ̀ 137 ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan. Kí ọ̀rọ̀ dókítà tó dé ọwọ́ ọmọláńgidi, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á sọ ohùn rẹ̀ di ìwé, èkejì á túmọ̀ ìwé náà sí àwọn àmì, ẹ̀kẹta á wá mú kí àwòrán máa mi ọwọ́. Ká ní ìkọ̀ọ̀kan wọn gba 90 nínú 100, èyí tí ọ̀pọ̀ wa á fi pàtẹ́wọ́. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara wọn: bíi 73 nínú 100 ló kù. Gbólóhùn kan nínú mẹ́rin ti bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó mọ èwo ni. Àwa tí a mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń tiraka láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wa, ṣé 90 yẹn gan-an la fẹ́ gbà?

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ní ọmọláńgidi yìí gbọ́ èdè náà bí ẹní mowó. Ìṣòro kan ṣì kù tí ẹwà àwòrán ò lè bò: ó ní ọwọ́, kò ní ojú tó fi ń ríran. Ọ̀rọ̀ ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kì í bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ògbufọ̀ kì í ṣe gbohùngbohùn. Ó ń wo adití lójú. Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe máa ń kan orí níwájú àgbà nígbà tí ọ̀rọ̀ ò yé wa, tí a óò máa sọ pé "ẹ ṣeun sà, ẹ ṣeun mà." Adití náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ á rí i, á ní, "Ẹ dúró ná, dókítà, kò tíì yé e." Ọmọláńgidi á máa bá tirẹ̀ lọ ni.

Tí dókítà bá sì béèrè pé, "Ṣé oògùn kan wà tí ara yín kì í gbà?", ìdáhùn adití ló máa gba ẹ̀mí là. Ta ló máa sọ ìdáhùn yẹn fún dókítà? Tí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ ka ọwọ́ adití, á jẹ́ pé ẹ ti gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀ nìyẹn. Nítorí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, kò lè fi aṣọ bo ojú kó sì tún sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀, orúkọ rẹ̀, àìsàn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wọ inú kọ̀ǹpútà ẹnì kan tí kò mọ̀ rí. Ògbufọ̀ ní ìlànà iṣẹ́ tó de ahọ́n rẹ̀. Ní Nàìjíríà, wọ́n ní ẹgbẹ́, Association of Sign Language Interpreters of Nigeria. Tó bá tú àṣírí, ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ̀rọ bá tú àṣírí, fọ́ọ̀mù ni wọ́n á ní kí ẹ kún.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń rà á nígbà náà? Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tó ń rà á kọ́ ló ń lò ó. Mo ti jókòó nínú ìpàdé kan tí oníbàárà kan ti ní ká fi irú ọmọláńgidi yìí sí igun áàpù òun. Mo béèrè pé adití mélòó ni wọ́n ti fi hàn. Wọ́n ní kò tíì sí. Mo ní ká pe mẹ́ta wá, ká sanwó fún wọn, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì sọ ohun tó yé wọn fún wa. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa mi ọwọ́ níbẹ̀. Tí àwọn tó ń yẹ̀ wá wò bá dé, wọ́n á rí i pé a ṣe nǹkan kan." Èmi ò bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn, nítorí ó fi gbólóhùn kan ṣoṣo ṣàlàyé gbogbo òwò náà fún mi. Kì í ṣe fún adití ni ọmọláńgidi ń mi ọwọ́. Fún àwa tí a ń gbọ́ràn ni, kí ọkàn wa lè balẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2013. Wọ́n ń ṣe ìrántí Nelson Mandela ní pápá ìṣeré FNB ní Soweto. Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Obama àti àwọn olórí orílẹ̀-èdè mìíràn, ó ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Kò túmọ̀ nǹkan kan. Àwọn tó gbé e síbẹ̀ ò mọ̀. Gbogbo wa tí a ń wò ó nílé ò mọ̀. Àwọn adití ló pariwo.

Ẹnì kan á sọ pé, "Ṣé kì í ṣe èèyàn náà ló ṣe ìyẹn?" Èèyàn ni. Ohun tó kọ́ wa ni pé ẹni tó ń gbọ́ràn ò lè fi ojú lásán mọ ojúlówó èdè adití yàtọ̀ sí ayédèrú. Tí a bá lè ṣi èèyàn mú lójú gbogbo ayé, mélòómélòó ni àwòrán tó rẹwà tí wọ́n fi hàn wá nínú yàrá ìpàdé, pẹ̀lú tíì àti bísíkíìtì lórí tábìlì? Ìyàtọ̀ kan tún wà. Èèyàn kan ṣoṣo ló ṣe ti Soweto, ọjọ́ kan ló sì ṣe é. Ẹ̀rọ á ṣe irú rẹ̀ lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, lójoojúmọ́.

Àṣà ká máa bá adití pinnu láìsí adití níbẹ̀ ò sì jẹ́ tuntun. Ní 1880, àwọn olùkọ́ adití pàdé ní Milan ní Ítálì, wọ́n sì dìbò pé ẹnu ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ adití, kí wọ́n pa ọwọ́ tì. Àwọn tó ń gbọ́ràn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìyà jẹ ọmọ tó bá fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó di 2010, ọdún 130 lẹ́yìn ìgbà náà, kí irú àpérò kan náà ní Vancouver tó kọ ìpinnu yẹn sílẹ̀. Ẹ tún wo 2016, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní University of Washington gba ẹ̀bùn Lemelson-MIT nítorí ìbọ̀wọ́ kan tí wọ́n ní ó ń sọ èdè adití di ohùn. Àwọn ìròyìn pàtẹ́wọ́. Àwọn adití àti àwọn onímọ̀ èdè béèrè pé: ìbọ̀wọ́ wo ló ń rí ojú? A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n ó jọ pé lọ́rọ̀ adití, a ti fá a tán kí olórí tó dé.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Ó sàn ju kò sí lọ." Gbólóhùn yìí dùn létí, ó sì léwu. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, ìjì ńlá tí wọ́n pè ní Irma ń bọ̀ wá sí Florida. Ní ẹkùn Manatee, àwọn aláṣẹ fẹ́ sọ fún aráàlú pé kí wọ́n sá kúrò. Wọn ò pe ògbufọ̀. Wọ́n mú òṣìṣẹ́ wọn kan tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, nítorí pé arákùnrin rẹ̀ jẹ́ adití, ó sì gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè náà. Àwọn adití tó ń wò ó rí àmì písà, wọ́n rí àmì ẹranko abàmì, wọn ò rí ibi tí wọ́n ní kí wọ́n sá gbà. Ọkùnrin yẹn ò ní èrò ibi. Ó sàn ju kò sí lọ, àbí?

Kò sàn. Tí kò bá sí ògbufọ̀, adití mọ̀ pé kò sí. Á wá ọ̀nà mìíràn: á pe ọ̀rẹ́, á kọ ọ́ sí ìwé, á kọ̀ láti fọwọ́ sí nǹkan. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ohun tó jọ ògbufọ̀ síwájú rẹ̀, ó lè rò pé òun ti gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Èyí tó burú jù ni pé ẹnu rẹ̀ ti di pípa. Tó bá ní òun fẹ́ ògbufọ̀, wọ́n á ní, "A ti fún ọ ní ọ̀kan. Òun nìyẹn lójú fóònù."

Wọ́n á tún ní, "Ẹ ní sùúrù, ẹ̀rọ ń dára sí i." Òótọ́ ni, ó ń dára sí i. Ní nǹkan bí ọdún 2000, ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn olùwádìí University of East Anglia ti dán Tessa wò, ọmọláńgidi tó ń sọ àwọn gbólóhùn tí akọ̀wé máa ń sọ fún oníbàárà. Èyí tí à ń rí lónìí dára jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ ni pé: ta ló ń jìyà rẹ̀ títí tó fi máa dára? Nínú iṣẹ́ wa, a kì í gbé kóòdù tí a ò tíì dán wò sórí ẹ̀rọ tí báǹkì fi ń sanwó. Wọ́n á lé wa. Kí wá ni adití ṣe tí ara rẹ̀ fi di ibi tí a ti ń dán an wò, ní kóòtù, ní àgọ́ ọlọ́pàá, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí ẹnikẹ́ni ò sì bi í bóyá ó gbà?

Ká wá bọ́ sórí owó, nítorí owó ni kókó. Ògbufọ̀ wọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ náà ń tán ọpọlọ. Tí ìpàdé bá gùn, méjì ni wọ́n máa ń pè, tí wọ́n á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn ní bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nílùú wa, ọ̀pọ̀ adití ò rí ògbufọ̀ kankan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń fi ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ níwájú dókítà, kó máa gbọ́ ohun tí ọmọ ò yẹ kó gbọ́ nípa ara ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìyẹn ò dáa, òótọ́ ló sọ, èmi náà gbà.

Ṣùgbọ́n kí ló mú kí ògbufọ̀ ṣọ̀wọ́n? A kì í sanwó fún wọn ni. A máa ń pè wọ́n wá "bá wa ṣe é," bíi pé àánú ni iṣẹ́ wọn. Ta ló máa lo ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n á fi "Ọlọ́run á bùkún ẹ" san owó rẹ̀? Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ọmọláńgidi, tí ẹ óò sì máa fi dọ́là san án lọ́dọọdún, ẹ fi kọ́ èèyàn. Federal College of Education (Special) ti wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977. Kì í ṣe pé ibi tí a lè bẹ̀rẹ̀ sọnù.

Ẹ̀rọ náà sì wúlò níbẹ̀, tí a bá lò ó ní ìlò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, adití lè fi fídíò pe ògbufọ̀ tọ̀sán tòru, ògbufọ̀ á sì fi fóònù bá ẹni tó ń gbọ́ràn sọ̀rọ̀ fún un. Adití ò san kọ́bọ̀. Àpò kan tí àjọ FCC ń bójú tó, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń dáwó sí, ló ń san án. Fídíò, íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù, gbogbo ohun tí àwa kọ́ ló wà níbẹ̀, èèyàn sì wà láàárín. Ògbufọ̀ kan tó jókòó sí Ìbàdàn lè ran adití ní Ṣakí lọ́wọ́ ní àárọ̀, kó ran ti Ìkọ̀rodú lọ́wọ́ ní ọ̀sán. Èyí ni kí ẹ ní ká kọ. Ó le ju ọmọláńgidi lọ, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń ṣe ségesège, iná ò sì dúró. Ìṣòro tó yẹ orí wa nìyẹn.

Òfin náà ò sì fara mọ́ ọmọláńgidi bí wọ́n ṣe rò. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 36, sọ pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn tí kò gbọ́ èdè kóòtù lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ láìsanwó. Abala 9 àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, dárúkọ ògbufọ̀ èdè adití tó mọṣẹ́. Òfin wa tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2019 ní kí ọsibítù ìjọba pèsè ìbánisọ̀rọ̀ àkànṣe fún aláìsàn tó bá nílò rẹ̀. Ẹ kíyè sí "ìbánisọ̀rọ̀ àkànṣe" yẹn o. Ọ̀rọ̀ tó fẹ̀ báyìí, àárín rẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà máa gbà kọjá. Àfi kí National Commission for Persons with Disabilities tètè sọ ní pàtó pé níbi tí ẹ̀mí, òmìnira tàbí ìbúwọ́lùwé bá wà, èèyàn ni.

Ìdí kan ṣì wà tó kan àwa gan-an. Andrew Foster, adití, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet ní 1954, ló gbé èdè adití Amẹ́ríkà wá sí ìhà ibí. Ó dé Ghana ní 1957, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, kó tó kú ní 1987 ó ti dá ilé-ẹ̀kọ́ tó lé ní ọgbọ̀n sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Èdè tó gbìn ti hu gbòǹgbò tirẹ̀ níbí, ó ti ní àmì fún oúnjẹ wa, ìlú wa àti àṣà wa. Àwọn adití Hausa sì ní Maganar Hannu, tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà rárá. Ọmọláńgidi tí wọ́n fi fídíò Amẹ́ríkà kọ́ á wá máa fi èdè àjèjì bá adití Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀. Tó bá sì wọ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ á kọ́ èdè lẹ́nu ère. Àwa tí à ń sunkún pé ẹ̀rọ ń ba Yorùbá jẹ́, ṣé a ó wá fi ọwọ́ ara wa ba ti ọmọnìkejì jẹ́?

Mi ò sọ pé ká sun gbogbo ọmọláńgidi níná. Ní oṣù Kẹta 2018, World Federation of the Deaf àti ẹgbẹ́ àwọn ògbufọ̀ lágbàáyé, WASLI, jọ kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbà pé ó lè wúlò fún ìkéde tí kì í yí padà, bí irú èyí tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ibùdókọ̀ ojú irin, tí àwọn adití bá ti dá sí i. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ rọ́pò èèyàn níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ tó ń bọ̀. Mo fara mọ́ wọn. "Ọkọ̀ Abẹ́òkúta máa gbéra ní aago mẹ́jọ": ẹ jẹ́ kí ọmọláńgidi sọ ìyẹn. "Ẹ̀dọ̀ yín ti wú": ẹ pe èèyàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ kóòdù, tí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ yìí wá bá yín, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Adití wo ló wà lára àwọn tó ń ṣe é, èló sì ni wọ́n ń san fún un? Ta ló ni ọwọ́ àti ojú tí ẹ̀rọ fi kọ́ èdè, ṣé ó gbà, ṣé ó jẹ nínú èrè? Àwọn adití mélòó ló ti wò ó, kí ni wọ́n ní ó yé àwọn? Tó bá ṣàṣìṣe, èèyàn wo ni adití máa rí pè lójú ẹsẹ̀? Tí ìdáhùn kan bá ṣe ṣékéṣéké nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ dá iṣẹ́ náà padà. Ebi ò ní pa yín kú.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ kóòdù, iṣẹ́ wà fún yín náà. Tí ẹ bá ń ṣètò ìgbéyàwó, ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sáláṣí, àpérò tàbí ìkówèéjáde, ẹ fi owó ògbufọ̀ sínú ètò yín bí ẹ ṣe ń fi ti agbóhùnsókè síbẹ̀. Ẹ san án kó pé. Tí ẹ bá rí ọmọláńgidi tó ń ju ọwọ́ ní igun tẹlifíṣọ̀n, ẹ bi adití tó wà ládùúgbò yín bóyá ó yé e. Tó bá ní kò yé òun, ẹ gbà á gbọ́.